Kí La Ó Fi Fọ Ẹsẹ̀ Ọkọ̀ Rélùwéè Kékeré? Ìfiwéra fún Àwa Ará Ìlọrin àti Gúúsù Kwara

Ọkọ̀ ojú irin gidi tó ń gba Ọ̀fà kọjá sí Ìlọrin, lórí ojú irin tó dé Jẹ́bà ní 1909, dísẹ́ẹ̀lì ló ń jẹ. Inú ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ ni agbára rẹ̀ ti ń wá, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣáà ti máa yí. Ọkọ̀ kékeré tí a fi ń ṣeré lórí tábìlì kò rí bẹ́ẹ̀. Ara irin ni iná ń gbà wá, ẹsẹ̀ ẹ́ńjìnnì ló sì ń gbà á fún mọ́tò. Ẹsẹ̀ yẹn ni wáyà. Bí ìdọ̀tí bá ti bò ó, ọkọ̀ á máa ta gìrì, á dúró, ẹ ó fìka tì í, á lọ díẹ̀, á tún dúró níbi tí ojú irin ti pínyà.

A ò pọ̀ níbí tó ń ṣe eré yìí. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni ọ̀pọ̀ wa ti kọ́ ọ, lẹ́nu àwọn tí ọyẹ́ kì í fẹ́ dé ọ̀dọ̀ wọn, tí ṣọ́ọ̀bù irinṣẹ́ wọn kò sì ju òpópónà kejì lọ. Ìmọ̀ràn wọn kì í ṣe irọ́, àmọ́ búrọ́ọ̀ṣì tí wọ́n ń rà ní owó pọ́ọ́kú, kó tó dé Ìlọrin, owó tí a fi gbé e wá lè ju owó òun fúnra rẹ̀ lọ. Ìdí nìyí tí mo fi to àwọn ọ̀nà tí a lè gbà fọ ẹsẹ̀ ọkọ̀ wọ̀nyí síbí, tí mo sì fi ojú ẹni tó ń gbé Tánkẹ̀ tàbí Ọ̀fà wò wọ́n. Lójú tèmi, kí a tó máa bi ara wa pé omi wo tàbí búrọ́ọ̀ṣì wo, ó yẹ ká kọ́kọ́ bi ara wa bóyá ẹsẹ̀ tó wà lábẹ́ wágọ́nù wa, ìyẹn ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnnì ń fà, jẹ́ ohun tó yẹ ká máa fọ̀ rárá.

Kí ẹ tó yan ohunkóhun

Ẹ gbé ọkọ̀ yín kan, ẹ dojú rẹ̀ délẹ̀ lórí aṣọ rírọ̀, kí ẹ tan tọ́ọ̀ṣì fóònù sí ẹsẹ̀ rẹ̀. Ibi tí ẹsẹ̀ ti ń fara kan irin ni kí ẹ wò, kì í ṣe ẹ̀gbẹ́. Bó bá mọ́, á máa dán yípo. Bí kò bá mọ́, ẹ ó rí ìlà dúdú kan tó yí i ká. Nígbà mìíràn ìlà náà á ti ga débi pé èékánná lè kọ́ ọ. Ẹ yí ẹsẹ̀ náà díẹ̀díẹ̀: ẹ ó rí i pé ìdọ̀tí yẹn kò dọ́gba, ó ga níbì kan, ó rẹlẹ̀ níbòmíràn. Ìdí tí wágọ́nù fi ń gbọ̀n tìtì bó ti ń lọ nìyẹn.

Lẹ́yìn náà, ẹ wá ìdáhùn sí àwọn nǹkan wọ̀nyí. Ṣé ẹsẹ̀ yìí ń gba iná? Ti ẹ́ńjìnnì ń gbà á, ti kóòṣì (ọkọ̀ èrò) tó ní gílóòbù nínú náà ń gbà á. Ti wágọ́nù lásán kì í gbà á, ṣùgbọ́n òun ló ń kó ìdọ̀tí kiri, tó ń tẹ́ ẹ sórí irin de ẹ́ńjìnnì. Ẹni tó fọ ẹ́ńjìnnì nìkan, tó fi wágọ́nù sílẹ̀, iṣẹ́ kan náà ni yóò tún ṣe láìpẹ́.

Kí ni wọ́n fi ṣe ẹsẹ̀ náà? Ike ni ti ọ̀pọ̀ wágọ́nù àtijọ́ àti èyí tí owó rẹ̀ kò pọ̀. Ti irin lè jẹ́ nickel silver, tí kò ní fàdákà kankan nínú bó ti wù kí orúkọ rẹ̀ dùn tó, bàbà, nickel àti zinc ni wọ́n pò pọ̀. Ó sì lè jẹ́ idẹ tí wọ́n fi nickel bò lára. Ìbòra yẹn fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, bí a bá ti ha á kúrò, kò sí bí a ṣe lè dá a padà nílé.

Ṣé rọ́bà wà lára rẹ̀? Àwọn ẹ́ńjìnnì kan ní òrùka rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ lórí ẹsẹ̀ kan tàbí méjì kí wọ́n má bàa máa yọ̀. Ẹ mọ ibi tó wà kí omi ìfọ̀ kankan tó dé ibẹ̀.

Ti owó náà kò gbọ́dọ̀ jẹ́ iye tó wà lára páálí nìkan. Ohun tó tán lónìí, ṣé a máa tún rí i rà ní Ọjà Tuntun lọ́la, àbí òkè òkun la ó tún máa retí? Kí a sì má gbàgbé ìlera: lásìkò ọyẹ́ a máa ń ti fèrèsé pa nítorí eruku, inú irú yàrá bẹ́ẹ̀ ni èéfín omi ìfọ̀ ti ń ṣe ni léṣe, pàápàá bí ọmọdé bá wà nítòsí.

Ibi tí ìdọ̀tí náà ti ń wá

Òróró tí a ta sí jíà ju bó ṣe yẹ lọ ló máa ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ó á jò wá sí ẹsẹ̀, láti ibẹ̀ á bọ́ sórí irin. Láti November títí wọ February, eruku ọyẹ́ á gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé wá bá a, kò sí bí ẹ ṣe lè ti fèrèsé tó. Ọkọ̀ á wá tẹ méjèèjì mọ́ra, wọ́n á sì gan bí ẹ̀kọ tó gbẹ mọ́ ìdí ìkòkò.

Ìdọ̀tí kejì kò ti ìta wá. Nígbàkígbà tí ẹsẹ̀ àti irin bá jára wọn sílẹ̀ díẹ̀, iná á ta pàrà láàrin wọn. Ẹ pa gílóòbù yàrá lálẹ́ kí ẹ sáré ẹ́ńjìnnì, ẹ ó rí i lábẹ́ rẹ̀, búlúù kékeré. Ibi tí iná náà bá ta sí á jó, á dúdú. Dúdú yẹn kì í jẹ́ kí iná kọjá dáadáa, èyí á mú kí iná tún máa ta sí i. Bí ìdọ̀tí ṣe ń bí ìdọ̀tí nìyẹn, ìdí rẹ̀ sì nìyẹn tí fífọ̀ kékeré léraléra fi dára ju fífọ̀ ńlá tí a ń dúró dè títí ọkọ̀ yóò fi kọ̀ láti rìn.

Ní ti ẹsẹ̀ oníke, ọ̀pọ̀ àwọn tó ti pẹ́ nínú eré yìí gbà pé ó máa ń kó ìdọ̀tí ju ti irin lọ, ó sì máa ń tẹ́ ẹ sílẹ̀ kiri. Àwọn kan ń jiyàn rẹ̀. Èmi wà lẹ́yìn àwọn àkọ́kọ́.

Igi ìtayín àti òwú ìnutí

Kò sí kíọ́ọ̀sì tí a ò ti lè rí méjèèjì rà. Ẹ gé orí igi ìtayín ní pẹlẹbẹ, ẹ gbé e lé ìlà dúdú yẹn, kí ẹ máa fi ìka kejì yí ẹsẹ̀ náà. Ìdọ̀tí tó ti gan á máa bó ní wẹ́wẹ́. Igi rọ̀ ju irin lọ, kò lè ha á. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ fi òwú nu èyí tó kù.

Fún ẹsẹ̀ oníke, èyí ti tó, ẹ má fi omi kankan kún un. Fún ti irin, ìpìlẹ̀ ló jẹ́: ó kó èyí tó nípọn kúrò kí omi ìfọ̀ lè rí èyí tó fẹ́lẹ́ jẹ. Àléébù rẹ̀ ni pé ó ń gba sùúrù. Wágọ́nù kan ṣoṣo tó ní bogie méjì, ìyẹn férémù kékeré tó di ẹsẹ̀ mẹ́rin mẹ́rin mú, ẹsẹ̀ mẹ́jọ ló ní. Bó bá jẹ́ ìwọ̀n kékeré tí wọ́n ń pè ní N ni tiyín, tí ojú irin rẹ̀ kò fẹ̀ ju 9 mm lọ, ojú á ro yín kí ẹ tó ṣe márùn-ún. Òwú náà máa ń já sílẹ̀, fọ́nrán rẹ̀ á sì wé mọ́ ọ̀pá tó so ẹsẹ̀ pọ̀, nítorí náà ẹ máa fi èmú yọ ọ́.

Omi wo?

Isopropyl, oríṣi alukohóòlù kan, ni àkọ́kọ́ lọ́wọ́ mi. Èyí tó lé ní 90% ni kí ẹ wá. Ti 70% tí àwọn kẹ́míìsì ń tà, omi lásán ni ìyókù, kì í tètè gbẹ, ọ̀pá irin sì lè dógùn-ún. Ní Ìlọrin, ọ̀dọ̀ àwọn tó ń tún fóònù ṣe ní Post Office àti Challenge ni ibi tó rọrùn jù láti wá a, torí òun ni wọ́n fi ń fọ bọ́ọ̀dù. Ẹ kàn sọ pé, “Àbúrò, mo fẹ́ kí o bá mi wá díẹ̀ nínú isopropyl tí ẹ fi ń fọ bọ́ọ̀dù.” Yóò bi yín pé, “Àlùhájì, àbí fóònù yín wọmi ni? Ẹ gbé e wá ká wò ó.” Ẹ má wulẹ̀ bẹ̀rẹ̀ àlàyé rélùwéè fún un, ẹ ò ní tètè kúrò níbẹ̀.

Sípírítì inú kẹ́míìsì wà níbi gbogbo títí dé Òmù-Àrán, owó rẹ̀ kò sì ga. Iṣẹ́ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ti isopropyl dọ́gba, àmọ́ kì í ṣe gbogbo ìgò ló rí bákan náà. Ẹ dán an wò báyìí: ẹ kán ẹyọ kan sórí gíláàsì tó mọ́, kí ẹ jẹ́ kó gbẹ, lẹ́yìn náà kí ẹ gbé gíláàsì náà síwájú fèrèsé. Bí àpá funfun tàbí àwọ̀ kankan bá kù, irú àpá yẹn ló máa kù sára ẹsẹ̀ ọkọ̀ yín. Ìgò yẹn wà fún egbò.

Sanitáísà tí gbogbo wa kó jọ lásìkò Kòrónà kò wúlò níbí. Ó ní ohun tó mú kó ki àti ohun tó ń mú ọwọ́ rọ̀ nínú, méjèèjì ló sì máa ń lẹ̀ mọ́ irin.

Kẹrosíìnì ni àríyànjiyàn wà lórí rẹ̀. Àwọn kan láàrin àwọn àgbà eré yìí ní òkè òkun sọ pé lẹ́yìn isopropyl, irin tètè máa ń dúdú padà, wọ́n sì fẹ́ràn omi tó bá kẹrosíìnì tan. Òótọ́ ni pé ó ń jẹ òróró ju isopropyl lọ. Ó tún ní àǹfààní kan tí a kì í sábà sọ: kò tètè gbiná. Èéfín kẹrosíìnì kì í gbiná àfi bí ooru bá tó 38°C tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ti isopropyl ti lè gbiná láti 12°C, inú yàrá wo ní Ìlọrin ló tutù tó bẹ́ẹ̀? Ṣùgbọ́n kẹrosíìnì máa ń fi ọ̀rá sílẹ̀, ẹsẹ̀ á máa yọ̀, rọ́bà á wú, eruku ọyẹ́ á sì rí ibi bà lé. Èyí tí wọ́n ti dà nǹkan mọ́ tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ibi tí mo ti fara mọ́ ọn ni ẹsẹ̀ irin tí a ti yọ kúrò lábẹ́ wágọ́nù, tí òróró àtijọ́ ti bò: ẹ rì í sínú ìdérí ìgò, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àtijọ́ fọ̀ ọ́, kí ẹ fi isopropyl ṣan ọ̀rá náà kúrò.

Mẹ́ta wà tí ẹ kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn. Bẹntiróòlù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó wà nínú kẹ́ẹ̀gì lẹ́gbẹ̀ẹ́ jẹnẹrétọ̀ gbogbo ilé: èéfín rẹ̀ lè gbiná kódà nínú òtútù tó rẹlẹ̀ ju ti yìnyín lọ, iná sì ń ta lábẹ́ ẹ́ńjìnnì. Acetone àti omi ìfọ-èékánná tó ní in nínú: ó ń yọ́ ike tí wọ́n fi ṣe ara ọkọ̀, ẹyọ kan péré á sọ ẹ̀gbẹ́ kóòṣì di pẹ̀tẹ̀pẹ̀tẹ̀. WD-40 lásán tó wà lọ́wọ́ mẹkáníìkì: òróró ló ń fi sílẹ̀, òróró la sì ń sá fún.

Aṣọ tútù lórí irin

Èyí ni ọ̀nà tí mo rò pé ó yẹ púpọ̀ jù nínú wa, tórí náà mo fẹ́ sọ ọ́ tán pátá.

Ẹ gé aṣọ òwú funfun tó ti gbó, síńgílẹ́ẹ̀tì àtijọ́ dára, kí ó fẹ̀ ju ojú irin lọ díẹ̀, kí ó sì gùn tó bogie kan. Pépà ìnuwọ́ náà ṣeé lò, àmọ́ ó tètè ń ya. Ẹ tẹ́ ẹ sórí ojú irin tó gún, ẹ fi téèpù mú un ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Ẹ kán isopropyl sí i kí ó tutù, kó má ṣe máa ṣàn. Kí ẹ tó tan iná, ẹ ṣí fèrèsé, kí ẹ gbé ìgò náà kúrò nítòsí, kí ẹ dúró díẹ̀ kí èyí tó pọ̀ jù fẹ́ lọ. Ohun tí mo sọ nípa 12°C yẹn kì í ṣe àwàdà.

Ẹ gbé bogie iwájú ẹ́ńjìnnì lé aṣọ, kí ti ẹ̀yìn wà lórí irin lásán. Ti ẹ̀yìn ni yóò máa gba iná wọlé. Ẹ fi ìka méjì di ẹ́ńjìnnì mú jẹ́jẹ́, ẹ fún un níná tó máa mú un rìn ní ìwọ̀nba. Ẹsẹ̀ iwájú á máa yí lórí aṣọ, kò sì ní lọ sí ibì kankan. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, ẹ gbé e sókè: ìlà dúdú méjì ni ẹ ó bá lórí aṣọ, lọ́gbọọgba, tó ń dán díẹ̀. Ẹ sún aṣọ sí ibi tó mọ́, ẹ tún un ṣe. Ìlà kejì á dà bíi eérú, ìkẹta á fẹ́rẹ̀ẹ́ máà sí. Ẹ wá yí ẹ́ńjìnnì padà kí ti ẹ̀yìn náà jẹ tirẹ̀. Ẹsẹ̀ tó ní rọ́bà, ẹ má jẹ́ kó pẹ́ lórí aṣọ tútù. Aṣọ mìíràn tí a fi omi lásán rin díẹ̀ ti tó o.

Wágọ́nù kò ní mọ́tò, ọwọ́ la ó fi máa tì í lọ tì í bọ̀ lórí aṣọ náà, kí a fi ìka tẹ̀ ẹ́ díẹ̀. Níbí ni ọ̀nà yìí ti rẹlẹ̀. Ẹsẹ̀ tó ń yí lọ wẹ́rẹ́ kò ní fi ara nu aṣọ tó bó ṣe yẹ, ìdọ̀tí tó ti gan kò sì ní kúrò. Ẹ kọ́kọ́ fi igi ha á.

Àwọn ẹ́ńjìnnì kan wà tó jẹ́ ẹsẹ̀ díẹ̀ ló ń gba iná lábẹ́ wọn, pàápàá àwọn tó dà bí ti àtijọ́ tó ń lo èédú. Bí a bá gbé ìdajì wọn lé aṣọ, iná á já. Ẹ dojú irú wọn délẹ̀ sórí fóòmù, ẹ fi wáyà méjì láti ara kọntiróólà (ẹ̀rọ tó ń fún irin níná) kan ẹsẹ̀ méjì tó ń gba iná, kí ẹ máa fi òwú ìnutí tútù kan àwọn tó ń yí. Bí iná ọba bá lọ lágbedeméjì iṣẹ́, bátìrì 9V á yí mọ́tò DC lásán (DC ni iná tó ń ṣàn sí apá kan ṣoṣo). Ẹ má dán ti bátìrì wò lára ẹ́ńjìnnì tó ní decoder DCC nínú, ìyẹn ẹ̀rọ kékeré tó ń gba àṣẹ díjítà láti ara irin, àyàfi bí ìwé rẹ̀ bá sọ pé ó lè lo DC.

Ní ti owó, kò sí ọ̀nà mìíràn tó dín owó tó báyìí fún iṣẹ́ tó ń ṣe. Gbogbo ohun tó gbà ni a lè rí rà láàrin Ìlọrin, kó sì tún tán kí a tún rà á.

Búrọ́ọ̀ṣì idẹ oníná

Ilé iṣẹ́ Kadee ń ṣe é, ilé iṣẹ́ Peco náà ń ṣe é, ti Peco ni wọ́n pè ní PL-41. Búrọ́ọ̀ṣì kékeré ni, irun rẹ̀ pín sí ọ̀tún àti òsì, iná sì ń gba ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan láti ara kọntiróólà. Ẹ dojú ẹ́ńjìnnì délẹ̀, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì kan ẹsẹ̀ rẹ̀, ẹsẹ̀ á gba iná lára irun idẹ náà, á máa yí, yíyí yẹn náà á sì máa nu ún. Ó yára gan-an. Ẹni tó ní ẹ́ńjìnnì púpọ̀ kò ní kábàámọ̀ rẹ̀, torí kì í tán, kò sì nílò omi kankan.

Kò wúlò fún wágọ́nù, nítorí ẹsẹ̀ wọn kì í fúnra wọn yí. Irun rẹ̀ á máa bọ́ díẹ̀díẹ̀ sínú jíà, ẹ máa gbọn ẹ́ńjìnnì dáadáa lẹ́yìn iṣẹ́. Ìdí tó fi jẹ́ idẹ ni pé idẹ kò le tó láti ha nickel dáadáa, àti pé mágínẹ́ẹ̀tì inú mọ́tò kì í fà á. Ẹ má lọ fi búrọ́ọ̀ṣì àwọn wẹ́dà rọ́pò rẹ̀. Irin ni ìyẹn, irun rẹ̀ tó bá bọ́ sínú mọ́tò kò ní jáde mọ́.

Òkè òkun ni yóò ti wá. Fún ẹni tó ní ẹ́ńjìnnì kan tàbí méjì, owó tí yóò ná lé e lórí kò bá iṣẹ́ tí yóò ṣe mu.

Irin ìfọ̀ tí wọ́n ti ṣe sílẹ̀

Ilé iṣẹ́ Woodland Scenics ní Roto Wheel Cleaner, ilé iṣẹ́ Trix náà ní búrọ́ọ̀ṣì tí a ń gbé lé ojú irin N. Ó rọrùn, ó mọ́ tónítóní, ọmọdé lè lò ó lábẹ́ àbójútó. Ṣùgbọ́n pádì tó ń nu ẹsẹ̀ máa ń dọ̀tí, a óò sì máa rà á léraléra láti ibi tó jìnnà. Aṣọ síńgílẹ́ẹ̀tì ń ṣe iṣẹ́ kan náà. Mi ò rí ìdí tí ẹnikẹ́ni ní Kwara yóò fi rà á, àfi bí ẹni tó fẹ́ fi ta yín lọ́rẹ bá ń bi yín léèrè ohun tí ẹ fẹ́.

Sáńpépà, búrọ́ọ̀ṣì orí dírìlì, pẹ́ńsù onígíláàsì

Wọ́n ń mú ẹsẹ̀ dán lójú ẹsẹ̀, ohun tó ń tan ènìyàn jẹ nìyẹn. Sáńpépà ń fi ìlà wẹ́wẹ́ sílẹ̀ tí ìdọ̀tí á máa sá pamọ́ sí. Dírìlì kékeré tó ní búrọ́ọ̀ṣì irin á jẹ ìbòra nickel tán kí ẹ tó ṣẹ́jú. Pẹ́ńsù onígíláàsì sàn díẹ̀, àmọ́ fọ́nrán gíláàsì rẹ̀ á máa bọ́, á gún ọwọ́, kò sì ṣeé rí láti yọ. Ọjà tó ti bàjẹ́ tẹ́lẹ̀ ni kí a fi wọ́n ṣe, bí ìpata bá ti jẹ ẹsẹ̀ náà.

Kí a yọ ẹsẹ̀ oníke kúrò pátápátá

Níbi tí ọ̀pọ̀ ìfiwéra kì í dé nìyí, ibẹ̀ gan-an ni mo sì fẹ́ kí owó yín lọ. Bí wágọ́nù yín bá jẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ ike, ẹ lè máa ha wọ́n títí láé, ẹ sì lè fi ti irin rọ́pò wọn lẹ́ẹ̀kan. Ti irin wúwo díẹ̀, ó ń jẹ́ kí wágọ́nù fẹsẹ̀ tẹlẹ̀, ó ń dún dáadáa níbi tí irin ti sopọ̀, ìdọ̀tí rẹ̀ kò sì pọ̀ tó ti ike. Bí ẹ bá fẹ́ fọ̀ ọ́, gbogbo omi tí mo fọwọ́ sí lókè ló lè gbà.

Owó ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ló ga jù nínú gbogbo ohun tí mo kọ síbí, kò sì sí níbi kankan ní Ìlọrin. Àmọ́ ó ní ohun tí ò sí lára ìyókù: ó kéré, ó gbẹ, kò lè gbiná. Omi ìfọ̀ tó ń gbiná, wọn kì í jẹ́ kí èrò gbé e wọ ọkọ̀ òfuurufú. Ẹsẹ̀ ọkọ̀ nínú ọ̀rá kékeré, àbúrò yín tó ń bọ̀ láti London fún ìgbéyàwó á kàn jù ú sáàrin aṣọ rẹ̀.

Kí ẹ tó ránṣẹ́, ẹ wọn àwọn nǹkan yìí. Bí ẹsẹ̀ ṣe tóbi sí: ní OO, ìwọ̀n tí wọ́n ń lò jù ní Ìlú Ọba, 12.6 mm ló wọ́pọ̀ fún wágọ́nù àti 14.1 mm fún kóòṣì. Ní HO, ìwọ̀n mìíràn, ti Amẹ́ríkà, nǹkan bí 9.6 mm tàbí 10.5 mm ni, bí wágọ́nù bá ṣe rí. Bí ọ̀pá tó so wọ́n pọ̀ ṣe gùn tó: èyí kò dọ́gba láàrin àwọn tó ń ṣe ọkọ̀, ẹ yọ ọ̀kan kí ẹ fi rúlà wọ̀n ọ́n, kì í ṣe kí ẹ fojú díwọ̀n. Kí ẹsẹ̀ kan nínú méjì lórí ọ̀pá kọ̀ọ̀kan jẹ́ èyí tí iná kò lè gbà kọjá. Bí iná bá lè gba méjèèjì, irin ọ̀tún àti ti òsì á kan ara wọn lábẹ́ wágọ́nù, kọntiróólà á sì kú lójijì. Bí ẹ bá ti fi wọ́n sí i, ẹ wo àlàfo tó wà láàrin ẹ̀yìn ẹsẹ̀ méjèèjì, nǹkan bí 14.5 mm fún OO, bó bá ti dín ju bẹ́ẹ̀ lọ, wágọ́nù á máa bọ́ níbi tí irin ti pínyà.

Ẹni tó ń fẹ́ kọ́ rélùwéè ilé wa gan-an, ọ̀rọ̀ yìí kàn án jù. Ojú irin àtijọ́ tó gba Ọ̀fà àti Ìlọrin, 1067 mm ni ó fẹ̀. Bí a bá dín in kù sí 1:64, ìyẹn ìdá kan nínú 64, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ sí 16.5 mm géérégé, ojú irin HO àti OO tí wọ́n ń tà káàkiri. Ti Èkó sí Ìbàdàn tí wọ́n ṣí ní 2021 jẹ́ 1435 mm, 1:87 ló bá 16.5 mm mu níbẹ̀. Ẹsẹ̀ tí ẹ ó rà fún méjèèjì kò ní tóbi bákan náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orí irin kan náà ni wọ́n ó máa sá.

Ta ni kó mú èwo

Bí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, tí ẹ ní ẹ́ńjìnnì kan àti wágọ́nù díẹ̀, igi ìtayín, síńgílẹ́ẹ̀tì àtijọ́ àti ìgò isopropyl kékeré ni. Kí ẹ má ra ohun mìíràn.

Ẹni tí wágọ́nù rẹ̀ ti pọ̀, tí ọ̀pọ̀ wọn sì jẹ́ oníke, kó tọ́jú owó fún ẹsẹ̀ irin, kó máa rọ́pò wọn ní ìpín ìpín, kó bẹ̀rẹ̀ láti ara àwọn tó ń sá jù. Títí dìgbà náà, kó máa fi igi ha wọ́n.

Ẹni tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ pọ̀, tàbí tó ń lo DCC tí ọkọ̀ rẹ̀ ń gbàgbé ibi tó ń lọ nígbàkígbà tí iná bá já, òun ni búrọ́ọ̀ṣì Kadee tàbí Peco yẹ. Kó ní aṣọ àti isopropyl kún un, torí búrọ́ọ̀ṣì kì í kó òróró.

Ẹni tó ń gbé Òmù-Àrán tàbí Àjàṣẹ́, tí kò fẹ́ wọ ọkọ̀ wá sí Post Office nítorí omi ìgò kan, sípírítì kẹ́míìsì ti tó o, kó ṣáà ti dán an wò lórí gíláàsì. Ẹni tó ra wágọ́nù àtijọ́ lọ́wọ́ ẹlòmíràn, tí òróró ti bo ẹsẹ̀ rẹ̀, kó yọ ẹsẹ̀ náà bó bá jẹ́ irin, kẹrosíìnì lákọ̀ọ́kọ́, isopropyl lẹ́yìn náà. Bó bá jẹ́ ike, kó sọ wọ́n nù. Ilé tí ọmọ kékeré wà, kó fi ti igi àti òwú gbígbẹ mọ, kó sì ti ìgò mọ́nú kọ́bọ́ọ̀dù.

Èyí tó wù kí ẹ mú, ẹ kọ́kọ́ fọ wágọ́nù, lẹ́yìn náà kí ẹ nu ojú irin, kí ẹ fi ẹ́ńjìnnì ṣe ìkẹyìn. Bí ẹ bá fi ẹ́ńjìnnì bẹ̀rẹ̀, ìdọ̀tí wágọ́nù ni yóò tún lọ tẹ̀.